Àádọ́ta Kóónù Òwú

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹrin, 2016

Falmata wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Ó jókòó lórí ìdì kánfáàsì àtijọ́, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ fẹ́ ara. Ọmọ Kanuri ni, ọ̀dọ̀ àwọn aláàánú tó ń dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Hajiya, ọgbọ̀n àgọ́ la fẹ́. Kíláàsì ọgbọ̀n, kí òjò tó dé."

Mo ní mo gbọ́. Mo wá dúró de "ṣùgbọ́n" rẹ̀, torí iṣẹ́ kan kì í wọ Bulumkutu àdúgbò wa mọ́ láìní "ṣùgbọ́n" nínú. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀gá òun fẹ́ràn tápólì ọ̀rá tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Òun lòun bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ wo tiwa ná. Ká rán ẹyọ kan, wọ́n á da omi sí i lórí lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá jò, àwa la máa rán gbogbo rẹ̀. Bó bá jò, ọ̀rá ni wọ́n máa kó.

Mo bi í bóyá ọ̀gá rẹ̀ ti jókòó sábẹ́ ọ̀rá rí nínú oṣù kẹrin ní Maiduguri. Ó rẹ́rìn-ín.

Mọ́kànlá ni maṣíìnì tó ń dún níbí nígbà tí Alhaji Jàáfárù ọkọ mi wà láyé. A ń rán ìbòrí fún ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀pà, a ń rán àgọ́ fún àwọn ọmọ Yunifásítì tó ń lọ wo òkúta nínú igbó. Ó ku mẹ́rin báyìí, ó sì ti tó ọdún méjì tó jẹ́ pé ihò nìkan làwọn èèyàn ń gbé wá fún wa lẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, ó ti rẹ̀ mí. Bí ọgbọ̀n àgọ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, màá ti ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi pa, màá gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá àwọn àbúrò mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà yí ohùn padà.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹrin

Làtíì pè láti Kano. Àbúrò Alhaji ni, ó pẹ́ tó ti ń bá wa ra ọjà. Ó ti rí kánfáàsì, Pakistan ni wọ́n ti hun ún. Mo bi í pé ṣé kò sí ti Kaduna ni. Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ló tún ń hun kánfáàsì ní Kaduna?"

Òwú ń là lóko ní Gombe, wọ́n ń dì í sápò, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Tó bá ṣe díẹ̀, aṣọ ni yóò bá padà wọlé, àwa náà á sì máa ná an bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kò kọ ebè òwú rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù kẹrin

Kánfáàsì dé lẹ́yìn tí tírélà sùn sí Damaturu fún ọjọ́ méjì. Mo ránṣẹ́ sí Dókítà Ọlátòkunbọ̀ kó wá bá mi wò ó. Olùkọ́ ni ní Yunifásítì, ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà, ará Iléṣà. Ìbòrí ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé wá fún wa tún ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò tíì lọ tán.

Ó gé kánfáàsì náà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó so irin mọ́ ọn títí ó fi ya, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní aṣọ náà dára. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tó máa ń ṣe. "Alhaja, aṣọ tí a kì í wọ̀ ló ni ọjọ́ iwájú." Ó ka wọn sílẹ̀ fún mi: èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀dà títì kí títì má baà là, èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, èyí tí wọ́n fi ń di egbò, bẹ́líìtì inú mọ́tò, àwọ̀n ẹja. Ó ní nílẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ń ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àwa sì ń jókòó ti ṣáátì àti yẹ̀rì.

Mo ní, "Dókítà, èmi ti ń rán aṣọ tí a kì í wọ̀ láti ọdún méjìdínlógójì. Ìgbà wo ni ọjọ́ iwájú náà máa dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun náà ti ń wá ẹ̀rọ tó ń fa aṣọ wò. Ìdí nìyí tó fi ń so irin mọ́ aṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹrin

Kò síná. Kò sí kankara, omi dídì, ní gbogbo àdúgbò. Ìda ara kánfáàsì ń yọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kẹrin

A ti gé àgọ́ àkọ́kọ́, òwú ló kù. Ọwọ́ mi kún fún ìda débi pé n kò lè di fóònù mú. Mo ní kí Mùínátù ọmọ mi bá mi pe Làtíì: òwú funfun, èyí tó nípọn, àádọ́ta kóónù. Ó ní, "To, Màmá," bí Hausa ṣe ń sọ pé ó dáa.

Hausa ni òun àti Làtíì jọ ń sọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ibí la bí i sí, ibí ló ti ṣe iléèwé. Yorùbá rẹ̀ dà bí aṣọ ọdún, ó dìgbà tí àlejò bá dé kó tó yọ ọ́ sóde. Èmi àti bàbá rẹ̀ la fa èyí, a máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó wà ní kékeré.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù karùn-ún

Òwú dé. Àádọ́ta kóónù pé géérégé.

Ṣàíbù tú ọ̀kan, ó fi ìka ra á wò, ojú rẹ̀ yí padà. Ṣàíbù ni àgbà nínú àwọn tó ń rán nǹkan fún wa, ọmọ Ìlọrin ni, ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbí. Ó ṣáná, ó fi kan ẹnu òwú náà. Òwú ọ̀rá tí a máa ń lò, ṣe ló ń yọ́, tó ń di kóró dúdú. Eléyìí jó, ó ń rùn bí ìwé tí iná ń jó, ó di eérú.

"Alhaja," ó ní, "òwú ni."

Mo ní mo mọ̀ pé òwú ni.

"Rárá o. Òwú. Òwú oko."

Mo pe Mùínátù. Mo ní kí ló sọ fún Làtíì? Ó ní, "Òwú lẹ ní kí n sọ. Mo ní kó ra zaren auduga." Mo bi í pé ta ló dárúkọ auduga fún un? Ó wò mí bí ẹni tí orí mi dàrú. "Òwú kọ́ ni auduga ni, Màmá? Èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu egbò?"

Kí n sòótọ́, òun náà ni. Hausa ní orúkọ fún èyí tí a fi ń ránṣọ, ó ní òmíràn fún èyí tó ń là lóko. Àwa pe méjèèjì ní òwú, ó sì ti ń tó wa láti ayé àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n n kò rí òótọ́ yìí nígbà náà. Ohun tí mo rí ni àgọ́ tí òjò àti oòrùn máa jẹ òwú rẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti fi òwú oko sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹnu mi ṣáájú mi. Mo sọ fún un lójú Ṣàíbù àti àwọn tó kù pé, "Ọmọ tí kò gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ ló máa ti ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ pa."

Kò sunkún. Ó ní, "To." Ó padà sídìí òrùka irin tó ń kàn.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù karùn-ún

Ìjọba ti sọ epo di náírà márùndínláàádọ́jọ. Àwọn onímọ́tò kò tíì mọ iye tí wọ́n máa gbà, torí náà wọn kò gba ẹrù ẹnikẹ́ni. Làtíì ní bí òun bá rí òwú ọ̀rá rà lónìí gan-an, kò lè dé kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa da omi.

Láti ọjọ́ Ajé, Mùínátù kò sọ Yorùbá sí mi mọ́. Ó ń dá mi lóhùn, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń gbé omi fún mi, ṣùgbọ́n Hausa ni gbogbo rẹ̀. Ẹyin lohùn. Mo mọ òwe náà láti kékeré, síbẹ̀ mo fọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù karùn-ún

A wá gbogbo kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, a rí kóónù mẹ́ta òwú ọ̀rá. Ó máa tó àgọ́ kan.

Ṣàíbù dúró títí àwọn yòókù fi lọ kírun. Ó ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rá rán èyí tí wọ́n máa wò. Ká fi òwú oko rán mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù. Ta ló máa ṣáná sí i?"

Mo ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó ní, "Ìrì kì í sẹ̀ púpọ̀ ní Maiduguri."

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé rárá. Ó wò mí díẹ̀, ó lọ kírun tirẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù karùn-ún

Ṣàíbù ti ń fi òwú ọ̀rá rán àgọ́ tí wọ́n máa wò. Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń díbọ́n pé n kò rí kóónù tó wà lórí maṣíìnì. Ojú ń tì mí, ó sì rẹ̀ mí ju kí n ṣe nǹkan kan sí ìtìjú náà lọ.

Tòmátò ti wọ́n ju ẹran lọ. A fi kúkà, ewé oṣè, sebẹ̀.

Èmi àti Mùínátù: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù karùn-ún

Kí n kọ ti òní dáadáa.

A ta àgọ́ náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí Dókítà lè fi omi dán an wò kí àwọn aláàánú tó dé. Mo ra odidi kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́ mai ruwa tó ń ta omi, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá. Dókítà gun àkàbà, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀. Kánfáàsì gbà á dáadáa, omi ń yọ̀ lọ. Ojú ìrán ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán kan bọ́, òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá fi ń kán tó-tó. A retí kó dá. Ìdajì wákàtí kọjá, kò dá.

Dókítà sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Alhaja, òwú ọ̀rá kì í mu omi. Bí abẹ́rẹ́ ṣe fi ihò sílẹ̀ náà ló máa wà."

Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń sọ fún mi pé àgọ́ wa ń jò lójú ìrán, èmi a sì máa sọ fún wọn pé òógùn aṣọ ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́, mo sì ti gbà á gbọ́.

Mùínátù wọlé lọ, ó gbé àwo tó jìn kan jáde àti àjákù kánfáàsì méjì tó ti so pọ̀. Òwú oko ló fi rán an. Òun nìkan ló mọ ìgbà tó rán an. Ó na aṣọ náà bo àwo, ó da omi sí i. Ó ń kán bí ti èkejì gẹ́lẹ́. Dókítà mi orí. Ṣàíbù ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ohun tó ju èyí lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn àgọ́. Gbogbo wa kọ ẹ̀yìn sí àwo náà, a ń jiyàn bóyá ká fi ìda dí ojú ìrán.

Mùínátù ní ká wò ó: "Ku duba."

A yíjú. Omi ṣì wà lórí aṣọ, kò sí nǹkan kan tó ń kán mọ́. Dókítà gbé àwo náà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka nù ún, ó tún da omi sí i. Kò jò. Ó fa awò rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Ó ti mu omi. Òwú náà ti mu omi, ó ti wú, òun fúnra rẹ̀ ló dí ihò tó gbà wọlé."

Ṣàíbù jẹ́ kí okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Òwú wú," ó ní. Ó tún un sọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Abájọ tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀."

Mo wo Mùínátù. Ó ti ń kó àwọn kẹ́ẹ̀gì jọ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20 oṣù karùn-ún

Mo rántí nǹkan kan nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé Alhaji, àgọ́ tuntun kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ó da omi sí i lórí, tó sì sá a gbẹ. Mo bi í nígbà náà pé kí nìdí. Ó ní, "Ẹni tó ń lọ sájò ha gbọ́dọ̀ lọ láìwẹ̀?" Èmi rò pé àdúrà ni, tàbí àwàdà ọkọ tuntun. Nígbà tí òwú ọ̀rá dé, ó pa ìwẹ̀ náà tì. Kò sọ ìdí fún mi, n kò sì bi í mọ́. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í la ẹnu.

Mo ní kí Ṣàíbù tú gbogbo ojú ìrán ọ̀rá, kó fi òwú oko tún un rán. Bákan náà ni ọgbọ̀n máa rí. Mo pe Falmata, mo sọ òótọ́ fún un: òwú yìí máa kọ́kọ́ kán kó tó dí, ó sì lè má kọjá òjò ọdún méjì kí á tó tún un rán. Ó ní, "Hajiya, kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ọjà òun máa bàjẹ́."

Dókítà ní nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi òwú oko wé òwú ọ̀rá lára, kí ti inú máa gba agbára, kí ti òde máa wú. Ó ní òun kò ní kú kí ẹnìkan tó máa yí irú ẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mo ní kó kọ́kọ́ bá onítọ̀hún wá iná tó máa fi yí i.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù karùn-ún

Ẹnu tí mo fi bú ọmọ mi lójú èèyàn, ọjọ́ mẹ́tàlá ni n kò fi rí i fi bẹ̀ ẹ́. Òbí kì í mọ̀ ọ́n ṣe, wọn kò kọ́ wa. Lónìí mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì. Hausa ni mo fi sọ ọ́, kó má baà sọ pé kò gbọ́. Mo ní kó má bínú: "Ki yi haƙuri."

Kò gbójú sókè. Ó sún díẹ̀ lórí ẹní kí n lè jókòó. A jọ ṣa ìrẹsì náà tán.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù karùn-ún

Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá Falmata, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ará Oǹdó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú eruku pẹ̀lú ṣáátì funfun. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá kí èèyàn tó báyìí, ìròyìn rẹ̀ kì í dára.

Wọ́n da omi. Ó kán. Ó wo aago, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òwú ni, ó máa wú."

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé kó má kán láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́." Ó yíjú sí ọkọ̀. Ọwọ́ Falmata ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà, Falmata sì ti jókòó sórí ìdì kánfáàsì rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó wò mí, ó wá àga.

Mùínátù ń ka ìṣẹ́jú sókè ní Hausa. Nígbà tó ka mẹ́rìnlá, kò sí ẹ̀kán kankan mọ́. Akínbọ́lá wọ abẹ́ àgọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu gbogbo ojú ìrán láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó ní, "Màmá, ó dá lóòótọ́. Àmọ́ mo ti kọ ọ́ pé ó jò."

Ibi tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé kí á lọ ta àgọ́ kan yìí sí ilé ìwé káńpù tó wà lẹ́yìn Bolori, láàárín àwọn àgọ́ ọ̀rá tó ti wà níbẹ̀. Òjò gidi ni yóò dájọ́. Wọn kò ní dá ọ̀rá tó ń bọ̀ dúró nítorí wa. Mo ní mo gbà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù karùn-ún

Ṣàíbù bi mí bóyá ká ṣì máa rán. Mo ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A ti rán mẹ́fà.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹfà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan tó tóbi tó ẹ̀wù ọmọdé. Mùínátù ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí káńpù lójoojúmọ́ láti fa okùn àgọ́ le. A ti wẹ̀ ẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ó ní àwọn tíṣà ń kó àwọn ọmọ tó jókòó sábẹ́ ọ̀rá wá sínú tiwa tí oòrùn bá ti kanrí. Hausa ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹfà

Ìjì eruku. Ojú ọ̀sán ṣókùnkùn, a tan iná. Gbogbo wa sá jáde wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán òjò kan nínú rẹ̀. Ọ̀rá mẹ́ta fàya ní káńpù, tiwa dúró. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kọ́ ni wọ́n fi máa dá wa lẹ́jọ́.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù kẹfà

Falmata wá, kò jókòó. Ó ní ọ̀rá fún kíláàsì méjìdínlógún ti wọlé, wọ́n ti ta wọ́n. Méjìlá ló kù. Bí òjò kò bá rọ̀ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá á fọwọ́ sí ọ̀rá méjìlá yẹn náà, ọwọ́ òun á sì ti kúrò níbẹ̀.

A ti rán mẹ́rìnlá. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń ríran wò wọ́n láti ibi tí mo jókòó. Mo pe àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kó bá mi gbá yàrá ẹ̀yìn. Kò bi mí nídìí.

Ọjọ́rú, 22 oṣù kẹfà

Òjò.

Aago mẹ́rin kù díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tutù wọlé, àwọn ewúrẹ́ sì sá wọ abẹ́ páànù. Mùínátù ti lọ sí káńpù láti ọ̀sán. Òjò náà kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣe ló já lulẹ̀. Ṣàíbù dá maṣíìnì dúró, àwọn tó kù náà dá tiwọn dúró, a jókòó.

Fóònù dún. Mùínátù ni. "Mama, yana ɗiga." Ó ń kán. Ó sì gé e.

Mo sọ fún wọn. Ṣàíbù ní a ti mọ̀ pé ó máa kọ́kọ́ kán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá yàtọ̀ sí omi ọ̀run, gbogbo wa mọ èyí náà. Mo mú tẹ̀sùbáà, n kò ka ohun kan tó yé mi lórí rẹ̀. Mo ń wo àgọ́ mẹ́rìnlá tó tò sí ògiri, mo ń wo maṣíìnì Alhaji, mo ń wo Ṣàíbù tí irun rẹ̀ funfun sínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo rò ó pé òun ni màá kọ́kọ́ sọ fún pé mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Fóònù tún dún. Ariwo òjò pọ̀ níbi tó wà, ó pọ̀ níbi tí mo wà, ohùn àwọn ọmọdé sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní Falmata wà níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ ti tutù. Ó ní ọ̀gá náà ní ká máa kó méjìlá bọ̀ lọ́la. Nínú ọgbọ̀n, méjìlá. Mo ní kí ló dé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí kíkán, torí n kò tíì gbà á gbọ́.

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Yorùbá ni.

"Màmá, òwú ti wú."

Mo ní kó tún un sọ, mo ní òjò kò jẹ́ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ.